Wákàtí Kan Tó Sọnù Lọ́nà Lọ́ńdọ̀nù

Láti ìgbà Kérésìmesì títí di ìparí oṣù kẹta ọdún yìí, kò sí oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòtùn tí kì í kọ́kọ́ wo ògiri kó tó wo ojú mi. Aago ńlá ara ògiri mi fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Wọn á wò ó, wọn á wo fóònù ọwọ́ wọn, wọn á ní, "Bọ̀dá Sànyà, aago yín ti kú o." Àwọn tí ẹnu wọn mú á fi kún un pé atún-aago-ṣe tí aago tirẹ̀ ń parọ́, ta ló máa gbé tiẹ̀ fún un? N kì í bínú. Aago náà kò kú, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fà á sẹ́yìn. Ẹni tó bá sì bi mí léèrè ìdí rẹ̀, dandan ni kí n rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ojú tilẹ̀ ń tì mí.

Olúsànyà ni orúkọ mi. Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ aago. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Tòún Adéwọlé, nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, mú aago ọwọ́ kékeré kan tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀ olóògbé wá bá mi. Atún-aago-ṣe mẹ́ta ti sọ fún un pé kó lọ jù ú nù. Mo ṣí ẹ̀yìn aago náà, mo wò ó, mo ní kó padà wá ní Sátidé. Ó bi mí bóyá ó máa rìn. Mo ní á rìn. Irọ́ ni, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí kò jẹ́ kí n lè sọ ohun mìíràn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dojú kọ aago yẹn bí ẹni pé òun nìkan ni wọ́n gbé fún mi láyé. Nígbà tó dé ní Sátidé, ó gbé e sétí, ó gbọ́ bó ṣe ń dún, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tèmi ti bàjẹ́.

Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ràn mi rárá. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí gbogbo wọn mọ ìjókòó rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Èkíní, aago ti wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn, kí wá ni ọmọ òun fẹ́ fi atún-aago-ṣe ṣe? Èkejì, ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ ní Ìgándò, bí mo bá sì ti wọ sùtánà, n kì í wọ bàtà. Ó ti rí mi lójú títì bẹ́ẹ̀ ní Sọ́ńdè kan. Ó sọ fún Tòún pé òun kò rán an níléèwé kó lè lọ fẹ́ ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rin ọ̀dà.

Àǹtí Títí ló gbà wá. Àbúrò ìyá Tòún ni, ìjọ kan náà la sì jọ ń lọ. Òun ni alárinà wa. Ó lọ bá bàbá náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti lọ bẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta yẹn, bàbá gbà pẹ̀lú ojú pípọ́n. Tòún ti rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Bàbá ní kó máa lọ, tó bá padà wá fún ìsinmi ní oṣù Kejìlá, kí àwọn ẹbí mi wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Lójú tèmi, ńṣe ló gbà pé kí òkun tó wà láàrin wa bá òun ṣe iṣẹ́ tí òun kò rí ṣe.

Oṣù keje ló lọ. Ní pápákọ̀ òfuurufú, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, aago ìyá rẹ̀ àti aago tèmi, mo sì yí àwọn méjèèjì títí wọ́n fi ń rìn pọ̀. Mo ti wádìí ìrìn àjò náà fínnífínní. Láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta máìlì, wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ sì ni bàálù máa fi fò ó. Ó gbéra ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀. N kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo jókòó ti aago ògiri mi. Nígbà tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo sọ fún ara mi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kanlẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù mi dún.

"Aago mélòó ni lọ́dọ̀ rẹ?" Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

"Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Bákan náà ni níbí," ó wí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Sànyà, aago kan náà la ṣì jọ ń lò."

Inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ. Àwọn tí ìyàwó wọn wà ní Amẹ́ríkà máa ń sọ pé nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ níbí, oorun làwọn tọ̀hún ń sùn. Èmi kò ní irú wàhálà yẹn. Ohun tí mo gbé lọ́kàn nìyẹn: Lọ́ńdọ̀nù jìnnà, ṣùgbọ́n aago wa dọ́gba. N kò tún wádìí kọjá bẹ́ẹ̀.

Aago mẹ́rin ló ń ṣíwọ́ iṣẹ́. Bọ́ọ̀sì á fi wákàtí kan gbé e délé. Bí ó bá ti di aago márùn-ún, fóònù mi á dún. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é ní oṣù keje, oṣù kẹjọ, oṣù kẹsàn-án. Ṣàfíù tó ń ta fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ pé òun kì í wo aago mọ́ nírọ̀lẹ́, òun kàn máa ń dúró de ìgbà tí mo bá rẹ́rìn-ín.

Richard ti wọ inú ọ̀rọ̀ wa kó tó di oṣù kẹwàá. Ibi iṣẹ́ kan náà ni òun àti Tòún wà. Richard ló júwe ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wù òtútù fún un. Nígbà tí òjò mú un ní ibùdókọ̀, Richard ló fi mọ́tò gbé e délé. Tòún fúnra rẹ̀ ló sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, tẹ̀ríntẹ̀rín. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, n kò tún gbádùn òjò mọ́. Bí òjò bá rọ̀ ní Ìkòtùn, màá máa rò ó bóyá ó ń rọ̀ lọ́hùn-ún náà.

Ní Mọ́ńdè kan ní ìparí oṣù kẹwàá, aago márùn-ún lù, fóònù mi kò dún. Mo ní bóyá ọkọ̀ ló pẹ́. Aago márùn-ún ààbọ̀, kò dún. Aago mẹ́fà géérégé ló pè mí, ohùn rẹ̀ sì dára bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. N kò sọ nǹkan kan. Ní Túsìdeè, aago mẹ́fà. Ní Wẹ́sìdeè, aago mẹ́fà. Ní Tọ́sìdeè, mo rọra tọ́ ọ̀rọ̀ wò.

"Ìgbà wo lo ṣíwọ́ lónìí?"

"Aago mẹ́rin, bíi ti àtẹ̀yìnwá."

"Ọkọ̀ pẹ́ kó tó dé, àbí?"

"Kò pẹ́ jàre. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé báyìí ni, n kò tíì bọ́ bàtà."

Mo gbójú sókè wo ògiri. Aago mẹ́fà. Láti aago mẹ́rin sí aago mẹ́fà jẹ́ wákàtí méjì, bọ́ọ̀sì kì í sì í lò ju wákàtí kan lọ. Níbo ni wákàtí kejì wà? Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ wà lórí fóònù, ó ń parọ́ fún mi lójú kòrókòró, kò tilẹ̀ ṣe wàhálà láti ṣe irọ́ náà lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pè mí ní fídíò, mo sì rí i pé ilẹ̀ ti ṣú biribiri lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀. Síbẹ̀ ó tún ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ dé. Aago mẹ́rin tó fi ṣíwọ́, ṣé òkùnkùn ló fi ń rìn bọ̀ ni?

Ẹ má bi mí ìdí tí n kò fi bi í. Àǹtí Títí bi mí bẹ́ẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ìdáhùn ló ń bà mí. Bí mo bá bi í tó sì jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí n kò bá bi í, ó ṣì kù fún mi láti máa ṣírò. Mo sì ṣírò dáadáa. Lójoojúmọ́, láàrin aago márùn-ún sí aago mẹ́fà, n kò lè fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan. Ìṣó kéékèèké inú aago á máa já bọ́ lọ́wọ́ mi. Màá máa rí mọ́tò Richard, màá máa rí ilé Richard, tíì gbígbóná lórí tábìlì Richard, aago ìyá Tòún tí mo fi ọwọ́ ara mi tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì náà. N kò rí ojú Richard rí, ṣùgbọ́n mo lè yà á fún yín lọ́jọ́ náà. Mo kórìíra rẹ̀ débi pé bí oníbàárà bá fi imú sọ̀rọ̀ bí Òyìnbó, màá jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo lọ bá Àǹtí Títí nílé. Mo ní kó bá mi sọ fún bàbá Tòún pé ká dá mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ dúró ná. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó bi mí kí ni ọmọ náà ṣe. Mo ní wákàtí kan wà tí n kò rí lójoojúmọ́. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ó ní, "Sànyà, bi í léèrè. Ẹnu rẹ kò yá ni? Èmi kọ́ ni mo máa bá ọ fẹ́ ẹ." Ṣùgbọ́n n kò gbọ́. Mo ní kó sáà bá mi jẹ́ iṣẹ́ náà, òun ṣá ni alárinà.

Ó jẹ́ ẹ. Ó ní bàbá náà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò bínú rárá, ó sì ní kí wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù fún òun. Gbogbo ìgbà tó ti ń lọ bẹ̀ ẹ́ fún mi, omi lásán kò kàn án rí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Tòún pè mí. Kì í ṣe aago márùn-ún, kì í ṣe aago mẹ́fà. Ọ̀sán gangan ni.

"Dádì ní o ní ká dá a dúró. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní òótọ́ ni.

"Kí ni mo ṣe, Sànyà?"

Àyè nìyẹn. Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún mi. Ohun tí mo rí sọ ni, "Bi Richard."

Ó ní, "Ó dáa," ó sì pa fóònù. Láti ọjọ́ náà, aago márùn-ún kò dún, aago mẹ́fà kò dún.

Ó ti fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti oṣù kẹsàn-án, nígbà tí gbogbo nǹkan ṣì dùn. Mo mọ ọjọ́ tó ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ló máa gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù. Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀, ó ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. N kì í ṣe ẹni tó yẹ kó lọ pàdé rẹ̀ mọ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbé mi dé pápákọ̀ lọ́jọ́ náà ni pé mo fẹ́ wò ó bóyá òun àti Richard ni wọ́n jọ ń bọ̀. Mo dúró sẹ́yìn òpó kan. Mo rí bàbá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán nínú aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó ń wo ẹnu ọ̀nà tí àwọn èrò ń gbà jáde.

Aago márùn-ún lù, bàálù kò dé. Mo wo pátákó tí wọ́n ń kọ orúkọ bàálù sí. Aago mẹ́fà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọn kò sì kọ ọ́ pé ó pẹ́, ohun tí wọ́n kọ ni pé ó ń bọ̀ lásìkò. Wákàtí kan náà tún rè é. Ìyá arúgbó kan tó wọ ìborùn jókòó nítòsí mi, Àlhájà Àdíját ni àwọn tó bá a wá ń pè é. Mo bi í bóyá bàálù Lọ́ńdọ̀nù máa ń yà síbì kan lọ́nà.

Ó ní, "Rárá o. Tààrà ló ń bọ̀. Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, aago mẹ́wàá ààbọ̀ ló gbéra. Kí ló dé tí yóò fi dé ní aago mẹ́fà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àṣé o ò mọ̀. Àwọn Òyìnbó ti fa aago wọn sẹ́yìn. Ìparí oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń fà á, nítorí òtútù. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ tiwọn, mọ́kànlá ààbọ̀ ni níbí. Tó bá di ìparí oṣù kẹta, wọn á tún fà á síwájú, àwa àti àwọn á sì tún dọ́gba. Ọmọ mi, kí lo tilẹ̀ ń ṣe níṣẹ́?"

Mo di òpó náà mú. Ní ìparí oṣù kẹwàá. Aago mẹ́rin tó ní òun ṣíwọ́, aago mẹ́rin ni. Bọ́ọ̀sì náà, wákàtí kan ni. Aago márùn-ún ló ń pè mí lójoojúmọ́ bó ṣe ń pè mí tẹ́lẹ̀, kò yẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wákàtí tí mo ń lé kiri láti ọjọ́ yẹn, tí mo gbé Richard jókòó sínú rẹ̀, kò sí níbì kankan.

Òun nìkan ló jáde, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, mo ti jáde láti ẹ̀yìn òpó, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì. Mo rò ó bó ṣe jẹ́: Mọ́ńdè ìparí oṣù kẹwàá, aago mẹ́fà, fèrèsé tó ṣú, Richard. N kò fi ọ̀kan pamọ́. Bàbá rẹ̀ gbọ́ títí, ó ní, "Atún-aago-ṣe tí kò mọ aago," ó sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rò pé ẹ̀rín ló ń pa á.

Tòún kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dìde.

"N kò sọ fún ọ pé wọ́n fa aago," ó wí. "Mo rò pé ìwọ lo máa mọ̀ ju gbogbo wa lọ. Richard béèrè, bí o bá fẹ́ mọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi ní oṣù kẹwàá. Mo sọ fún un pé mo ní ọkọ ní Ìkòtùn."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi ju gbogbo owú tí mo ti jẹ lọ.

"O ń fi aago ṣọ́ mi lójoojúmọ́," ó wí, "o ò sì bi mí lẹ́ẹ̀kan. Àǹtí lo rán sí Dádì. Dádì ló sọ fún mi. Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, o ò rí mi bi."

Aago ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì wà ní aago Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ ọwọ́ ni fún mi, n kò tilẹ̀ rò ó, mo na ọwọ́ pé kí n bá a fà á síwájú. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Fi sílẹ̀. Tìẹ ni kí o yí."

Ó bá bàbá rẹ̀ lọ. Ní oṣù kìíní ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kò wáyé. N kò rí i, kò sì gbé fóònù mi.

Lálẹ́ ọjọ́ pápákọ̀ yẹn gan-an ni mo fa aago ọwọ́ mi sẹ́yìn ní wákàtí kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gun àga, mo fa ti ògiri náà. Aago rẹ̀ ni mo ń lò láti ìgbà náà. Mo pẹ́ dé ibi ìsìn, mo pẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà fi mí ṣẹ̀sín, Ṣàfíù ní orí mi ti yí. Ẹni tó bá béèrè, màá sọ ọ́ fún un, pẹ̀lú orúkọ Richard nínú rẹ̀. Ìgbà tó yá, àwọn kan ń wá láti Ìyànà Ìpájà kí wọ́n lè fetí ara wọn gbọ́ ọ. Àǹtí Títí wá wo aago náà fúnra rẹ̀, ó yà á ní fọ́tò, kò sì sọ ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí.

Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta, mo ń ti ibi ìsìn bọ̀ ní Ìgándò, sùtánà lọ́rùn, ẹsẹ̀ lásán. Fóònù mi dún. Orúkọ rẹ̀ ló wà lójú rẹ̀.

"Aago mélòó ni lọ́dọ̀ rẹ?"

Mo wo ọwọ́ mi. "Lọ́wọ́ mi, aago méjì," mo wí. "Nílùú, aago mẹ́ta."

"Aago mẹ́ta ni níbí náà. Fa tìẹ síwájú."

Mo fà á lójú títì níbẹ̀. Mo wá bi í bóyá kí n rán Àǹtí Títí sí bàbá rẹ̀.

"Má rán ẹnikẹ́ni," ó wí. "Lọ fúnra rẹ. Kí o sì yára, aago mẹ́rin ni Dádì máa ń sùn lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

Láti Ìgándò sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá kò gba ẹni tó wọ ọkọ̀ kòròpé ju ààbọ̀ wákàtí lọ, láti ìgbà tí mo sì ti mọ bàbá yẹn, n kò tíì dá lọ síbẹ̀ rí. Bí mo bá ní kí n kọ́kọ́ lọ sílé lọ bọ́ sùtánà kí n wá bàtà, aago mẹ́rin á ti lù. Mo wọ kòròpé bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni mo kan ilẹ̀kùn Ọ̀gbẹ́ni Adéwọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Ó wo sùtánà mi, ó wo ẹsẹ̀ mi tó kún fún eruku, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "O tètè dé lónìí." Ó sì yẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí n lè wọlé.